Bàbá Oyèwùmí Onífìlà Kóbáltì

Kò sí ẹni tó wà níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò Adéjọkẹ́ ní Ìjù tó lè gbàgbé ọjọ́ tí fìlà ọkọ Adéjọkẹ́ kó gbogbo èèyàn wọlé.

Bàbá Oyèwùmí, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ bọ́tà kan ní Sango, ló rẹ fìlà funfun sínú omi kẹ́míkà kóbáltì, tó sì sá a. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, fìlà náà á ní àwọ̀ búlúù. Bí ọ̀rinrin bá ti dé, á di píǹkì. "Bí òjò bá ń bọ̀," ló máa ń wí, "fìlà mi ló ń kọ́kọ́ mọ̀, kí rédíò tó gbọ́."

Ibi tó ti ń jó ni ẹnìkan ti pariwo: "Bàbá, fìlà yín ti di píǹkì o!"

"Òjò dé! Ẹ gbé àga wọlé! Ẹ má jẹ́ kí omi kan ìrẹsì!" ni Bàbá ké.

Àwọn àna gbé àga, wọ́n gbé kúlà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé ìyàwó pàápàá. Oòrùn sì ń ràn ganrínganrín lóde. Adéjọkẹ́ fọwọ́ kan orí ọkọ rẹ̀.

"Òógùn yín nìyí, ọkọ mi."

"Ṣé òógùn kì í ṣe omi ni? Fìlà ò parọ́. Orí mi ni òjò ti rọ̀."

Níbi iṣẹ́, òun ló ń tọ́jú irin níkẹ́lì tí wọ́n fi ń pa òróró pọ̀ mọ́ gáàsì kó lè di bọ́tà. Á ní: "Òróró ń wo gáàsì, gáàsì ń wo òróró, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Níkẹ́lì ni alárenà. Ó mú wọn mọra, bọ́tà dì. Ẹ wá sẹ́ níkẹ́lì jáde. Bó ṣe wọlé ló ṣe jáde, kò bá wọn jẹ bọ́tà."

Ó rí i pé Ṣùáíbù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, kì í lè wo Tóyọ̀sí, ọmọ ilé àyẹ̀wò rẹ̀, lójú. Ló bá ń rán Tóyọ̀sí ní iṣẹ́ tí kò nídìí lọ sí ìlú Agbára, nínú bọ́ọ̀sì Ṣùáíbù. Nígbà tó yá, wọ́n ṣègbéyàwó. "Iṣẹ́ mi ti parí," ni Bàbá wí. "Ẹ sẹ́ mi jáde." Síbẹ̀, kò sí Sọ́ńdè tí kì í lọ jẹ iyán nílé wọn ní Joju. Adéjọkẹ́ ní, "Níkẹ́lì inú bọ́tà yìí, sísẹ́ ò mú un o."

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni jẹjẹrẹ mú un. Dókítà ní irin pílátínọ́mù, tó wọ́n bíi góòlù, wà nínú oògùn tí wọ́n máa fà sí i lára. Bàbá nà ró lórí àga.

"Pílátínọ́mù! Jọkẹ́, ṣé o gbọ́? Kí aya onígóòlù máa wò ọ́ níran. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọkọ tìrẹ kó tiẹ̀ sí!"

"Bàbá, ẹ na apá yín," ni Nọ́ọ̀sì Hajarat wí nígbà tó gbé dírípù dé.

"Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó máa wọnú jẹjẹrẹ lọ, á so okùn inú rẹ̀ pọ̀, kò ní lè bímọ mọ́!"

Títí dírípù fi tán ni ẹnu rẹ̀ ò dúró. Ojú ti Adéjọkẹ́. "Ẹ jẹ́ káwọn aláìsàn sinmi," ló ń bẹ̀ ẹ́.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Bàbá lo ọdún díẹ̀ sí i, kò sì dákẹ́ nínú ìkankan. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló sùn tí kò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Hajarat wá kí opó.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá máa ń ní kí n gbé àga àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tó bá ń sunkún? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àlàyé pílátínọ́mù, onítọ̀hún á sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà."

Adéjọkẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Hajarat fẹ́ dìde. Adéjọkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì lọ, ọmọ mi. Jókòó. Kí ni wọ́n tún sọ?"