Ìtùnúolúwa, Oníṣẹ́ Iná Ilé Ẹ̀gẹ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ìfọ́nnu jù ní gbogbo Emùré, ẹ̀gbọ́n mi Ìtùnúolúwa ni. Òun ni oníṣẹ́ iná níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìlú. Tó bá dé akoto oníjígí rẹ̀, tó wọ ìbọ̀wọ́ tó ga dé ìgúnpá, mo máa ń bi í pé, "Àǹtí, ṣé oyin lẹ fẹ́ lọ kó ni?" Á ní kí n panu mọ́, pé òun kò lè fi ojú tó rẹwà báyìí ta tẹ́tẹ́.

Bíréékà ńlá ilé iṣẹ́ náà, tó máa ń já láti gé iná bó bá pọ̀ jù, ní ibì kan tí wọ́n ń yí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un bí iná ṣe máa pọ̀ tó kó tó já, àti bó ṣe máa yára já sí. Kọ́ládé, tó ń tan ẹ̀rọ, ti yí i dé òpin kó má baà máa já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà là ń fi wáyà tó nípọn dí fíúsì nílé!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nǹkan ń gbóná nínú àpótí iná. Àǹtí Ìtùnú fẹ́ fi mítà wò ó, iná sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó lè rí àrùn rẹ̀. Kó tó ṣí àpótí, ó kọ́kọ́ yí bíréékà wálẹ̀, síbi tó ti máa já kíá. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà yẹn, ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ ẹ̀gẹ́ kò lè tan, torí iná tó ń fà nígbà tó bá ń tan pọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, bó bá pẹ́, á dúdú.

Màmá Victor, olórí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, fariga.

"Ìtùnú, ṣé uṣẹ́ tìrẹ nìkan ni uṣẹ́? Yí i padà!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Bí irin iná méjì bá pàdé níbí, iná á bù jáde bíi mànàmáná. Bí bíréékà bá ṣe pẹ́ tó kó tó já, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa jó wa tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ dúdú, kí ojú wa má dúdú."

"Ojú tìrẹ ti dúdú tẹ́lẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbé oúnjẹ wá fún un náà rín, kí n má purọ́.

Àǹtí fi akoto kejì dé Kọ́ládé lórí, ó ní kó bá òun tan tọ́ọ̀ṣì. Bí Kọ́ládé ṣe bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí, sípánà bọ́ láti àpò àyà rẹ̀, ó já sáàárín àwọn irin tó gbé iná.

Gbàù! Ìmọ́lẹ̀ funfun bo ojú wa. Bíréékà já lójú ẹsẹ̀, iná gbogbo ilé iṣẹ́ sì kú.

Apá ẹ̀wù Kọ́ládé ń rú èéfín, irun ọwọ́ rẹ̀ jó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ka imú mọ́ ẹnu. Ó wo bíréékà tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ yí dé òpin tẹ́lẹ̀.

"Sípánà rẹ yọ́," ni Àǹtí wí, "ojú rẹ kò yọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ní kó má tíì fọ́nnu. Ó ní ìgbà wo ni kí òun wá fọ́n ọn? Lóòótọ́, orí mi ti wú ju tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tó ṣe iṣẹ́ tán, ó wá ibi tí ẹ̀rọ ti lè tan tí bíréékà kò sì ní sùn lọ, ó fi í síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó dúdú kò pọ̀. Màmá Victor kó o dànù fúnra rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí Àǹtí Ìtùnú bá ti dé akoto, Màmá Victor ló máa ń lọ dúró ti ẹ̀rọ ńlá kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án:

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan ibí kí ọmọ mi tó jáde, màá bó o bí ẹ̀gẹ́!"