Ìtọ́wò Ọlọ́jọ́ Mẹ́rìnlá ní Ìrókò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìrókò fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nítorí mo ti gbé e sínú pẹ́ jù.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ṣe sọ́fíwià kan tí èèyàn lè fi ṣe géèmù tirẹ̀ lórí fóònù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé e káàkiri, kí n máa ṣe demo, kí n sì máa fún àwọn èèyàn ní free trial: kí wọ́n lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á sanwó. Ẹni tí kò bá san, gbogbo ohun tó ti fi ṣe á tì pa.

Ní Ajíbòdé tí mò ń gbé, iṣẹ́ yẹn kò le rárá. Àwọn ọmọ yunifásítì kún ibẹ̀, wọn á ti gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo la ẹnu mi sọ ní mítìn-ín pé àwọn ará abúlé lè ṣe géèmù. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ gbìyànjú ní Ìrókò fún oṣù kan. Bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣe géèmù kan parí níbẹ̀, iṣẹ́ abúlé á máa tẹ̀síwájú. Bí kò bá sí, kí n gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ṣé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń rín sí mi kí n sì jókòó? Olóríkunkun ni mí, mo mọ̀.

Mo gun ọ̀kadà dé Ìrókò lọ́jọ́ ọjà. Mo gbé tábìlì kan sábẹ́ igi, mo gbé pátákó kan dúró tí mo kọ LỌ́FẸ̀Ẹ́ gàdàgbà sí. Mo bẹ̀rẹ̀ demo. Mò ń tẹ ibí, mò ń tẹ ọ̀hún, mò ń ṣàlàyé, òógùn ń bọ́ lára mi. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n wò mí, wọ́n lọ. Bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ iṣu kọjá sọ pé ẹja tí wọ́n fi ń dẹ tàkúté, ọ̀fẹ́ náà ni lójú eku. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́ ọjà méjì kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á. Kí n má parọ́, inú bí mi. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí ni kò fẹ́ ìlọsíwájú.

Ìyá kan ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyá Kúdí ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń wò mí. Lọ́jọ́ ọjà kẹta ni wọ́n pè mí.

"Tíṣà, wá ná. Láti ijọ́ tó o ti dé, ìwọ nìkan lò ń jẹ gàrí tìẹ."

Kò yé mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni oníbàárà kan dé. Kò tíì kí wọn tán tó fi bu gàrí díẹ̀ látinú bàsíà, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó rún un, ó ní kí wọ́n wọn kóńgò mẹ́ta. Ìyá Kúdí wọ̀n ọ́n fún obìnrin náà, wọ́n sì yíjú padà sí mi.

"Ṣó o rí i? Ta ló ń bá oníbàárà tọ́ gàrí wò? Àwa máa ń gbé bàsíà kalẹ̀ ni, kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú. Ìwọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan ẹ, o wá ní ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, ojú sì tì mí. Mo gbé pátákó mi sílẹ̀, mo fi fóònù méjì sórí tábìlì, mo pa ẹnu mọ́. Ẹ mọ̀ pé ìyẹn le fún mi ju ohun tó kù lọ.

Kúdí, ọmọbìnrin wọn tó ti parí sẹ́kọ́ńdírì, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀kan. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, ló bá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ewúrẹ́ lè wọ inú géèmù. Mo ní kí ló dé tí kò ní wọ̀ ọ́? Ó wá sọ fún mi pé láti kékeré lòun ti ń ṣọ́ láfún tí ìyá òun bá sá sórí àpáta, ewúrẹ́ àdúgbò kì í sì í jẹ́ kóun sinmi. Bó o bá lé ti ọ̀tún, ti òsì ti dé. Ó fẹ́ ṣe géèmù tí èèyàn á máa lé ewúrẹ́ títí láfún á fi gbẹ, kí òjò tó dé.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo ṣí ìtọ́wò ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá fún un lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ ò rí iṣẹ́! Kúdí á bá ìyá rẹ̀ yan gàrí láàárọ̀, á gbé fóònù lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn ṣáàjì, tó bá dọ̀sán á pè mí. Ewúrẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń fẹ̀yìn rìn. Nígbà tó yá, láfún ló wá ń lé ewúrẹ́. Mò ń lọ sí Ìrókò, mò ń bọ̀, títí ọ̀kadà fi mọ ilé mi. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó parí ẹ̀. Ìyá Kúdí fi ìka tí gàrí ṣì wà lára rẹ̀ lé òbúkọ àkọ́kọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín débi pé àwọn oníbàárà yà wá wò. Wọ́n ní òbúkọ onírùngbọ̀n yẹn, àwọn mọ ilé tó ti wá.

Inú mi dùn gan-an. Mo ti borí ọ̀gá mi, àbí? Ibẹ̀ ni Ìyá Kúdí ti yíjú sí mi.

"Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn bá wá pé lọ́la ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ wa á ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ti sọ fún Kúdí pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ni. N kò sọ fún un pé ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe á tì pa. Mo sọ òótọ́ nígbà náà. Kúdí dojú fóònù délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, kò sì wò mí mọ́. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Mi ò tíì rí onígàrí tó gba ìtọ́wò padà lẹ́nu oníbàárà rí," ni wọ́n sọ, wọ́n sì kọjú sí ọjà wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé ọ́fíìsì kí ọ̀gá mi tó dé. Mo fi géèmù náà hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní kò sí bí wọn ò ṣe ní sanwó nísinsìnyí kí ewúrẹ́ wọn má bàa sọnù. Mo ní rárá. Mo ní ohun tí èèyàn bá ṣe nígbà ìtọ́wò, kó di tirẹ̀ títí láé, ìbáà má san kọ́bọ̀. Bó bá fẹ́ ṣe òmíràn, ìyẹn la lè tì. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láyé. Mo ní kó rán ẹlòmíràn lọ sí Ìrókò nígbà náà, nítorí èmi ò ní ojú tí mo máa fi wo Ìyá Kúdí.

Mo fìdí mọ́ àga ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó lọ sí mítìn-ín, ó padà bá mi níbẹ̀. Ó jẹun, ó bá mi níbẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pe ẹni tó ń kọ sọ́fíwià náà, ó ní kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n fún Ìrókò nìkan ná.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo bá fóònù Kúdí níbi tó dojú rẹ̀ dé sí. Ó ní òun ò ṣí i, òun ò fẹ́ rí i. Mo ní kó ṣí i. Òbúkọ yẹn jáde tòun ti irùngbọ̀n, ó kọrí sídìí láfún. Kúdí lé e.

Ìyá Kúdí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n wọn kóńgò gàrí kan fún mi, mo sì na ọ̀rá sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n ti bàsíà sí iwájú mi, wọ́n ní kí n bù ú wò ná. Ìgbà tí mo tọ́ ọ wò tán ni wọ́n tó wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: bó o bá ní ọ̀fẹ́ ni, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bù ú, má sì gbà á padà lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n fún yín tọ́ wò rí tí wọ́n tún wá gbà padà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ má fi kankan pa mọ́. Mò ń kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi lọ́jọ́ Ajé, nítorí Ìrókò nìkan ló ṣì gbà fún. Ìjàyè ni mo fẹ́ gbé e lọ tẹ̀lé e, mo sì ti mọ àga tí mo máa jókòó sí.