Àádọ́ta Ọdún ó Lé Mẹ́ta, Ọmọ Tuntun

Ìbínú ló gbé télọ̀ kan dé ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn. Ọdún méjìlá ló ti fi ń gbọ́ eré kan lórí rédíò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, á kọ ìtàn náà sínú ìwé, á fi ránṣẹ́ sí àwọn olólùfẹ́ eré náà tí rédíò wọn kò gbé e. Ìwé mọ́kànlá ló kọ kún. Nígbà tí gbogbo àwọn olólùfẹ́ náà kó lọ sórí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé náà bá wọn lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tí kọ̀ǹpútà wà nínú yàrá rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ló bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Wákàtí kan péré ni télọ̀ ń rí lọ́sẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà, nígbà tí ọ̀gá àbúrò rẹ̀ bá lọ jẹun. Bẹ́ẹ̀, iye ìgbà téèyàn bá sọ̀rọ̀ ni ìkànnì fi ń mọ àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni "Àgbà Ẹgbẹ́." Télọ̀ ni "Ọmọ Tuntun." Onílé di àlejò! Ẹni tí kò bá sì tíì sọ̀rọ̀ nígbà ogún kò lẹ́nu níbi tí wọ́n to ìwé náà sí.

"Àǹtí, ẹ máa kí wọn," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìjókòó. Tó bá ti pé ogún, ẹ ti dàgbà nìyẹn."

"Kí n máa kí olè?"

Ó fi ìka méjì tẹ "Mo ń bínú" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ibẹ̀ ṣí, ó kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ èmi télọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ló kọ ìwé mọ́kànlá yẹn. Yọ orúkọ rẹ kúrò."

Èsì dé kíá: "Ẹ má bínú mà. Mi ò mọ̀ pé àgbà ni yín."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Télọ̀ lu tábìlì. "Tó bá jẹ́ ọmọdé ni mí ńkọ́, ṣé kì í ṣe olè mọ́ nìyẹn?" Ó kọ ọ́: "Má bẹ̀ mí. Fi orúkọ mi síbẹ̀."

Wọ́n dúró. Nígbà tó yá, orúkọ ọmọ náà ṣì wà gàdàgbà níbi tó wà. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: "Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ màmá télọ̀ kan."

"Wọ́n kúkú ti dárúkọ yín náà," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ dìde, Àǹtí, ọ̀gá ti ń bọ̀."

"Ìrànlọ́wọ́!" Télọ̀ fa àga sún mọ́ tábìlì. "Jẹ́ kó máa bọ̀. Tó bá dé, á dúró."