Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Lẹ́bàá Iná Ẹja

Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin jọ ń lò ní Awoye, láyé òyìnbó. Òun ń yan ẹja níbẹ̀, èmi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Látìgbà tó ti kó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ wa ni kò ti fojú rere wò mí.

Ọtí àgbàdo kò fẹ́ òtútù, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ooru àpọ̀jù. Bí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ sí i lásìkò òjò, kò ní hó rárá. Bó bá sì sún mọ́ iná jù, kíkan ni yóò kan. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń dán ìkòkò wò: bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ó dára.

Lọ́dún kan, àwọn tó fẹ́ ṣílé ní Molutehin bẹ̀ mí kí n pọn ọtí fún wọn. Mo gbé ìkòkò sí igun tó jìnnà sí iná ẹja, mo fi ògbólógbòó ẹní wé e. Lọ́jọ́ kẹta, mo wa ọkọ̀ ojú omi lọ ra igi ìdáná. Nígbà tí mo dé, ìkòkò mi ti wà lẹ́bàá iná, ó gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ yọ. Mo tọ́ ọtí náà wò. Ó ti kan gógó.

"Ọkọ mi, ta ló gbé ìkòkò mi?" ni mo bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Kò wojú mi. "Èmi ni. Mo fẹ́ to ẹja síbẹ̀. Ṣé ilé bàbá rẹ nìyí ni?"

"Ẹ mọ̀ pé iná á bà á jẹ́."

"Ìyàwó, ṣé ọtí ni mo wá máa bá ọ tọ́jú?"

Mo fi àkísà gbé ìkòkò, mo da gbogbo ọtí náà lé iná ẹja rẹ̀ lórí. Eérú fọ́n sókè, ó bo ẹja. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbá mi létí, mo di aṣọ rẹ̀ mú, a sì jà títí àwọn aládùúgbò fi là wá.

Ọkọ mi ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n òun. Mo kúnlẹ̀, ẹnu mi kò bẹ̀.

"Kó dìde kúrò níwájú mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ojú rẹ̀ ṣì le."

Òótọ́ ló sọ. Mo ránṣẹ́ sí Molutehin pé kò sí ọtí. Wọn kò bẹ̀ mí níṣẹ́ mọ́. Ọkọ mi fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àtíbàbà kékeré fún mi lẹ́yìn ilé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀, àfi kí n fi ẹní méjì wé ìkòkò, kí n sì gbé ẹyin iná sínú àpáàdì nítòsí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, màá bá ẹyin iná náà tí omi ti pa á, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń kó iná mìíràn ni.