Àwọn Orúkọ Tí A Dáná Sun

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Agric, ní Ìkòròdú. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń fi ojú mi rí màbo. Ẹnu mi mú nígbà náà. Bí oníbàárà bá ń kán mi lójú, mo lè ní kó wá jókòó kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá kan láti Ẹ̀pẹ́ nìkan ni mi ò lè sọ̀rọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn tó ń gbé ládùúgbò wa ló júwe mi fún wọn. Wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan wá tí òjò ti pa. Orúkọ àwọn òkú ìdílé wọn ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, ìdílé náà máa ń péjọ ṣe àdúrà fún àwọn òkú wọn, wọ́n á sì máa pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ló ń pè é, ṣùgbọ́n orí wọn ti ń gbàgbé nǹkan, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn tó ti lọ di ẹni tí kò rẹ́ni pè é mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Bàbá jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi wá ibi tí omi ti pa rẹ́. Nígbà tí a parí, ìwé náà ti ń já wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ àdúrà lédè Lárúbáwá wà lójú ewé rẹ̀ gbogbo. Pépà tí a bá ti lò tán ní ṣọ́ọ̀bù, alákàrà ló ń kó o. Ara mi kọ̀ ọ́ kí ìwé Bàbá bá wọn lọ. Ilé kéú ni wọ́n ti kọ́ mi pé ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run nínú, sísun là ń sun ún bó bá gbó. Mo sọ fún Bàbá, wọ́n gbà. A sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a bo eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n má tíì gbé e jáde sórí pépà, àbúrò wọn obìnrin ní Àgbọ̀wà ṣì fẹ́ fi orúkọ kún un.

Láàárín ìgbà yẹn ni ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé sọ pé ọjọ́ òun ti pé, kí n wá ra òun. Ta ló ń rà á? Ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún mi ní síídì kan. Kíráàkì là ń pè é, òun ló ń ṣí ètò tí a ò rà. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ pa ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, àrùn tó ń ba nǹkan inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Wọ́n ní kí n yọ ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ sì yọ ọ́! Ètò náà ṣí lóòótọ́, mo tiẹ̀ ń fi àwọn tó ń rà á ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, kò sí fáìlì kan tó ṣí mọ́. Wúruwùru ló kún inú wọn; fáírọ́ọ̀sì ti bá síídì yẹn wọlé. Mo ní ẹ̀dà orúkọ náà nínú fíláàṣì kan, ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà yẹn náà ni mo fi í sí, ó bá a lọ. Ọkùnrin tó fún mi ní síídì wò ó títí, ó mi orí. Mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ilé Bàbá ò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n ń pe orúkọ, mo ń kọ ọ́. Nígbà tó lé díẹ̀ ní ogún, wọ́n dúró. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún dúró sí. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Ta ló kàn?”

Gbogbo orúkọ yẹn ló gba abẹ́ ìka mi kọjá. Mi ò rántí ẹyọ kan.