Bí Pẹ̀lẹ́ Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi Lórí Òkè Yìnyín

A kírun Sùbúù tán ní Lanham, ní Amẹ́ríkà níbi tí à ń gbé, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ni a wọ ọkọ̀ Alhaji Lásísì, alága ẹgbẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí. Àwa mẹ́ta péré la lọ: òun, èmi, àti Rísíkátù ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ní orí àwọn ṣì pé.

Òkè yìnyín kan ní Pẹnsilféníà là ń lọ, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ láti òkè fún ìgbádùn. Awakọ̀ ni mí. Àwọn arúgbó ni mo máa ń gbé láti Camp Springs lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni oúnjẹ mi. Bó bá ṣẹ́, iṣẹ́ tán. Mo sọ èyí fún Alhaji.

"Ìwọ náà! Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ń ṣe é."

"Alhaji, ọmọ ọdún márùn-ún kì í san owó ilé."

Títì dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ò já sí kòtò kan. Rísíkátù sùn débẹ̀. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa níbẹ̀ tó láti ra àpò ìrẹsì ńlá méjì. Nílé wa, ọ̀fẹ́ ni ìṣubú.

Wọ́n fún wa ní síkì, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà tó le bí irin. Ọmọbìnrin tó kọ́ wa là á mọ́lẹ̀: ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ni ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè ni kó yà fún un. Ẹ má dúró níbi tí ará òkè ò ti lè rí yín. Ẹni tó bá ṣubú, kó tètè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu. Nílé, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ni ọ̀nà. Àdúrà ni ti ẹni tó wà níwájú.

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo wakọ̀ n'Íbàdàn láti kékeré! Kí ni yóò kọ́ mi?"

"Bí wọ́n ṣe ń dúró ni, sà," Rísíkátù fèsì.

Àga tí wọ́n so mọ́ wáyà gbé wa gòkè láì béèrè bóyá a ti tọrọ àforíjìn. Alhaji ló kọ́kọ́ lọ, bí òkúta tó já. Ó fo gegele kan, ó sì nà gbalaja sí abẹ́ rẹ̀, láàárín ọ̀nà gan-an.

Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Mo rántí òfin. Ṣùgbọ́n àgbà ló wà nílẹ̀ yẹn. Bí mo bá kọjá láì kí i, kí Jímọ̀ tó dé, gbogbo mọ́ṣáláṣí á ti gbọ́. Mo bẹ̀rù ẹnu ju òkè lọ. Mo dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alhaji! Ẹ kú ewu!"

"Hẹẹn. Ìdí mi ni."

Rísíkátù náà dé, ó dúró tì wá. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé ẹ lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín?"

Alhaji bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: bó ṣe ń bọ̀, bí ilẹ̀ ṣe yẹ̀. A dúró gbọ́ ọ. Àfi wọ́ọ̀! Obìnrin òyìnbó kan fò jáde lórí gegele, ó dojú kọ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tààrà. Nígbà tó rí wa, ó gbé ara rẹ̀ lulẹ̀. Síkì rẹ̀ kan já, ó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún mi kọjá, ó fa ṣòkòtò mi ya.

Kí la wá ṣe? A yí i ká! "Sọ́rì, mà! Sọ́rì o!" Alhaji tiẹ̀ rá kòrò wá.

"Ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" obìnrin náà pariwo. "Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti ṣàánú mi!"

Ẹ̀ṣọ́ òkè náà dé, ó wọ ẹ̀wù pupa. Kò kí ẹnikẹ́ni. Orí gegele ló kọ́kọ́ lọ, ó ri síkì rẹ̀ méjèèjì mọ́ yìnyín ní àgbélébùú, kí ará òkè lè rí i, kó tó wá béèrè ẹni tó fara pa. Ojú tì mí. Ṣebí ewé tí à ń já sójú títì nílé nìyẹn, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́? Awakọ̀ méjì àti nọ́ọ̀sì kan, pẹ̀lẹ́ nìkan la gbé rìnrìn àjò. A gbàgbé ewé sílé.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà dé Lanham. Alhaji sọ̀ kalẹ̀ kó bá wa já ẹrù, ó tẹ yìnyín, ó tún ṣubú sójú títì. Mo tan iná ìkìlọ̀ ọkọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi àti Rísíkátù wọ́ ọ dé orí koríko. Nígbà náà ni mo tó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaji."

"Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi?"

Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, ó ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn débẹ̀ lọ gbọ́ ọ.