Àáró Gígé Kòkó

Lọ́dún tí mo gboyè jáde ní Ìbàdàn, mo padà sí Àpòmù láti dúró de iṣẹ́. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ ò ní dé, mo sì tún ń bẹ̀rù pé bó bá dé, n kò ní lè ṣe é. Ìwé ìròyìn tí awakọ̀ kan máa ń bá mi rà bọ̀ láti Gbọ̀ngán nìkan ló ń mú kí n gbà pé mo ṣì wúlò. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo máa ń ka ìròyìn sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ fún bàbá mi àtàwọn àgbẹ̀ tó bá yà sí iwájú ilé wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo ka ti àrùn kòkó. Oko wa wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Nísàlẹ̀ oko, lẹ́bàá odò, ẹ̀ka kòkó ti ń wú, ewé ń pọ́n, èso sì ń kéré sí i. Òkè oko ṣì dára, òun là ń jẹ. Mo ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ rí: kòkòrò kékeré kan, funfun bí ìyẹ̀fun, ló ń fa omi ara igi, tó sì ń gbé àrùn láti igi kan dé òmíràn. Àrùn náà fúnra rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Kò tíì ní oògùn. Àfi kí a gé igi tó ń ṣàìsàn, kí a sì gé àwọn tó yí i ká, bí wọ́n tilẹ̀ jọ èyí tí ara rẹ̀ le.

"Kí n gé igi tí ara rẹ̀ le?" Àbúrò bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Oko rẹ̀ ló bá tiwa pààlà, kòkó tirẹ̀ náà sì ti ń wú. "Akọ̀wé, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń wúkọ́, ṣé wọ́n á sin ìwọ náà mọ́ ọn ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni mo kà, síbẹ̀ mo ń fẹ́ kó jẹ́ irọ́, torí bó bá jẹ́ irọ́, kòkó bàbá mi á yè.

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, wọ́n bi mí pé, "Tí a bá gé ti ìsàlẹ̀, ṣé ti òkè á yè?"

"Ó lè yè, Bàbá, tí àwọn tí a jọ pààlà náà bá gé tiwọn."

"Ó dáa. Màá pe àwọn tí a jọ ń ṣe àáró."

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n á jọ lọ sí oko ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n á sì ṣe fún kálukú títí á fi kárí. Bàbá mi ò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gé kòkó aláìsàn kiri wá gé e. "Àwọn tó bá mi gbìn ín ni kó bá mi gé e," wọ́n ní.

Gbogbo wọn ló ní àwọn á wá. Lọ́jọ́ tí a dá, ìyá mi gbé ìkòkò ẹ̀wà lọ sóko fún wọn. Oòrùn mú, a ò rí ẹnì kankan. Bàbá mi ní kí n lọ wo àbúrò wọn. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń tú kòkó ká lórí ẹní.

"Bàbá ní kí n wá wò yín. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan." Kò gbójú sókè. "Ìwọ lo kàwé, ṣé o ò mọ bí àáró ṣe rí ni? Ohun tí a bá ṣe lóko bàbá rẹ lónìí, òun náà la máa wá ṣe lóko tèmi. Tí mo bá ti gbé àdá lé igi tiwọn, mo ti gé tèmi nìyẹn."

Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù yé mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù, torí n kò lè kórìíra rẹ̀ tán.

Èmi àti bàbá mi nìkan la gé ti ìsàlẹ̀. Bàbá mi á kọ́kọ́ fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gé e. Ìyá mi gbé ẹ̀wà padà sílé, ó sì pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi wà lára wọn.

Kí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e tó lọ tán, àwọn igi òkè oko tó sún mọ́ ààlà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ti mọ̀ ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, mímọ̀ yẹn ò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo fi ọ̀kan nínú ẹ̀ka wíwú náà han bàbá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n mú àdá, wọ́n sì kọjú sí oko àbúrò wọn. Àbúrò wọn ti pe àáró oko ríro lọ́jọ́ yẹn.

Mo dúró sọ́nà. "Bàbá, lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe sí yín?"

"Ti òkè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àwa méjèèjì nìkan ò lè gé e," wọ́n ní. "Bí mi ò bá lọ bá wọn roko, ta ni màá pè?"

Mo tẹ̀ lé wọn. A roko títí di ọ̀sán lábẹ́ àwọn kòkó wíwú náà. Àbúrò bàbá mi bu omi fún wa mu, ó ń dápàárá, bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀.